Ibi tí omi inú makaróní oníwàràkàṣì yín ti ń wá

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ béèrè ìdí tí makaróní oníwàràkàṣì tí ẹ fi ẹ̀fọ́ sí fi ṣomi nísàlẹ̀ páànù, àti ìdí tí ọbẹ̀ wàràkàṣì rẹ̀ fi ṣe kóró-kóró. Inú tètè àti tàtàṣé tí ẹ dà sí i ní tútù ni omi tí ẹ rí nísàlẹ̀ páànù ti wá, kì í ṣe inú mílíìkì tí ẹ fura sí. Ẹ bọ tètè náà fún ìṣẹ́jú 1, kí ẹ fún un títí omi rẹ̀ yóò fi gbẹ, kí ẹ sì yan tàtàṣé nínú páànù gbígbẹ kí ó tó kan makaróní rárá. Ẹ̀fọ́ olómi nìkan ni èyí wà fún. Kárọ́ọ̀tì kò nílò rẹ̀.

Ní ti ọbẹ̀ wàràkàṣì tó ṣe kóró-kóró, iná ló pọ̀ jù. Fún makaróní gíráàmù 300, ẹ yọ́ bọ́tà gíráàmù 50, ẹ ro ìyẹ̀fun gíráàmù 50 mọ́ ọn, kí ẹ sì máa da mílíìkì mílílítà 700 sí i díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi ki. Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kí ẹ tó da wàràkàṣì cheddar gíráàmù 200 tí ẹ fúnra yín rin sí i, nítorí pé bí ó bá tún hó, ọ̀rá rẹ̀ yóò yà sọ́tọ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi wàrà àwọn Fúlàní rọ́pò cheddar níbí, bó ti wù kí ó dùn tó, nítorí kì í yọ́.

Ẹ sọ makaróní kalẹ̀ nígbà tó bá ku ìṣẹ́jú 2 kí ó jinná. Yóò parí nínú oven.