Ìbéèrè Òǹkàwé: Ǹjẹ́ Híhanrun Lè Fa Ẹ̀jẹ̀ Ríru?

Ìbéèrè: Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mẹ́ta ni baálé mi ń lò, síbẹ̀ ìfúnpá wọn kò wálẹ̀. Bí wọ́n bá sùn, wọ́n a máa hanrun kíkankíkan, èémí wọn á dá, lẹ́yìn náà wọ́n á ta gìrì bí ẹni tí wọ́n fún lọ́rùn. Ǹjẹ́ ọ̀rọ̀ méjèèjì tan mọ́ra? — Ìyàwó ilé kan, Ìbàdàn.

Ìdáhùn: Ó ṣeé ṣe kí wọ́n tan, ìyá wa. Ohun tí ẹ ṣàlàyé yìí jọ àìsàn tí àwọn dókítà ń pè ní sleep apnea. Bí iṣan ọ̀fun bá dẹ̀ lójú oorun, ọ̀nà èémí á dí fún ìṣẹ́jú àáyá 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ á dín kù, ọpọlọ á ta ara jí, òpó ẹ̀jẹ̀ á fún pọ̀, ìfúnpá á sì gòkè. Ó ti le bó bá ń ṣẹlẹ̀ nígbà 30 ní wákàtí kan. Ìfúnpá tó yẹ kó rọlẹ̀ lóru kò ní rọlẹ̀ mọ́, á sì máa ga lọ́sàn-án pẹ̀lú, títí tí ọkàn yóò fi máa lù ségesège, tí ewu rọpárọsẹ̀ yóò sì pọ̀ sí i.

Ẹ ní kí dókítà yẹ oorun wọn wò. Ẹ̀rọ CPAP, tí dókítà Colin Sullivan gbé jáde ní Ọsirélíà ní 1981, ń fi atẹ́gùn ṣí ọ̀fun sílẹ̀, ṣùgbọ́n díẹ̀ ló sábà máa ń dín ìfúnpá kù, nítorí náà kò lè rọ́pò oògùn. Kí wọ́n yẹra fún ọtí alẹ́, kí wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ sùn, kí wọ́n sì dín ìsanra kù bí wọ́n bá sanra. Bí wọ́n bá ń wakọ̀, ẹ sọ ọ́ fún dókítà pẹ̀lú, nítorí àìsàn yìí lè mú kí oorun máa kùn wọ́n lọ́sàn-án.