Físà Wà Lórúkọ Mi, Ọkọ Mi Kò Sì Bá Mi Sọ̀rọ̀ Mọ́

Arábìnrin kan kọ̀wé sí wa láti Leeds. Ọdún 2022 ló fi físà iṣẹ́ care, ìyẹn ìtọ́jú àwọn arúgbó àti aláìlera, wọ Ìlú Ọba. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ni ọkọ rẹ̀ àti àwọn ọmọ wọn méjì bá a níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bíi dependant, ìyẹn ẹni tí físà rẹ̀ rọ̀ mọ́ ti ẹlòmíràn. Olùkọ́ físíìsì lọkọ yìí ní Ìbàdàn, ó sì ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Ní báyìí, ẹrù ló ń kó ní warehouse lóru. Ìyàwó ń jáde ní ìdájí, ọkọ ń wọlé ní ìdájí, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti ń pàdé. Ìjà dé lórí owó tí ọkọ ń fi ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ láìsọ fún un, obìnrin yìí sì là á mọ́lẹ̀ pé: “Bí mo bá pe Home Office lónìí, Nàìjíríà lẹ máa bára yín.” Ó ti pé oṣù mẹ́ta. “O ti dé” àti “àwọn ọmọ ti jẹun” nìkan ló kù láàárín wọn. Ó ní: “Ẹ̀gbọ́n, mo ti bẹ̀ wọ́n, wọ́n ní kò sí nǹkan kan. Àwọn ará ilé rò pé à ń gbádùn. Kí ni kí n ṣe? Ṣé kí n sọ fún pásítọ̀ wa?”

Àbúrò mi,

Ó lé ní ojú ìwé kan tí o fi ṣàlàyé owó ìyá ọkọ rẹ. Gbólóhùn kan ṣoṣo lo fi sọ pé ọkọ rẹ ta ilẹ̀ rẹ̀ ní Mọ́níyà kí ẹ tó rí owó san fún agent. Ibẹ̀ ni mo dúró sí. Òótọ́ ni, orúkọ rẹ ló wà lórí físà. Ilẹ̀ rẹ̀ ló sì wà nídìí ẹ̀.

Ẹni tó wà ní Ìbàdàn lè gbọ́ ohun tí o sọ yẹn kó ní ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni, inú ń bí i ni. Ọkọ rẹ mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu. Ìwé rẹ̀ so mọ́ ìgbéyàwó yín. Bí Home Office, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ físà, bá gbọ́ pé ẹ ti pínyà, wọ́n lè gé e kúrú, ọjọ́ 60 ni wọ́n sì sábà máa ń fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ kó fi wá ọ̀nà mìíràn tàbí kó palẹ̀ ẹrù mọ́. Láti alẹ́ ọjọ́ yẹn, kí ni o fẹ́ kó bá ọ jiyàn lé lórí? Owó ilé ni? Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ni? Bó bá la ohùn, ó mọ ibi tí ọ̀rọ̀ lè já sí. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì ní ìgbéraga ọkùnrin tí ìyàwó ń gbọ́ bùkátà rẹ̀ ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Èmi ò gbà. Ẹ̀rù ló ń bà á.

Lẹ́tà irú èyí kì í wọ́n lọ́dọ̀ mi, ọkọ ló sì máa ń di físà mú nínú èyí tó pọ̀ jù. Bó bá jẹ́ òun ló halẹ̀ báyìí mọ́ ọ, ṣé “ó kàn bínú ni” la ó máa sọ? Láti 2015 ni òfin England ti ka fífi ìhàlẹ̀ jẹ gàba lé ọkọ tàbí aya ẹni lórí, tó bá ti di àṣà, sí ẹ̀ṣẹ̀ tó ń gbé ènìyàn lọ sẹ́wọ̀n. Ẹ̀ẹ̀kan lo sọ ọ́. Má sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì láé.

O ní o ti bẹ̀ ẹ́, àmọ́ “ẹ má bínú, inú ló bí mi” ni ẹ̀bẹ̀ tí o kọ síbí, ara rẹ lo sì ń gbèjà níbẹ̀. Dárúkọ ohun tí o ṣe: “Mo fi ìwé halẹ̀ mọ́ yín. N kò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́, ìjà yòówù kó dé.” Sọ ọ́ lójú ọmọkùnrin yín, torí ó wà níbẹ̀, ìwọ náà lo kọ ọ́ pé ó bi bàbá rẹ̀ pé, “Daddy, ṣé wọ́n máa lé yín lọ?”

Lẹ́yìn náà, fi ọwọ́ ṣe é. O ní íméèlì rẹ lo fi ṣí eVisa, ìyẹn ìwé ìgbélùú orí íńtánẹ́ẹ̀tì, fún gbogbo ilé nígbà tí BRP, káàdì ìgbélùú àtijọ́, kásẹ̀ nílẹ̀ ní ìparí 2024. Kí ni íméèlì rẹ ń wá nídìí ìwé ọkùnrin tó mọ̀wé? Yí i padà sí tirẹ̀, kó yan password rẹ̀ fúnra rẹ̀. Sọ fún un pé kó lọ rí lóyà tó mọ òfin ìwọ̀lú, láìsí ìwọ níbẹ̀, kó mọ ẹ̀tọ́ tó ní. Bí ìyẹn bá ń bà ọ́ lẹ́rù, jókòó kí o bi ara rẹ léèrè ìdí.

Má ṣe é lẹ́nu ọ̀nà, nígbà tí ọ̀kan ń bọ́ bàtà tí èkejì ń wọ̀ ọ́. Bẹ ọ̀gá rẹ kí ọjọ́ ìsinmi yín lè bọ́ sí ọjọ́ kan náà, ì báà jẹ́ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì. Má sì sọ pé ó dìgbà tí ẹ bá gba ìwé ìgbélùú tí kò ní gbèdéke, èyí tí ẹ ń retí lẹ́yìn ọdún 5. Ìwé tí ìjọba gbé jáde ní oṣù Karùn-ún 2025 sọ pé àwọn fẹ́ sọ ọdún 5 yẹn di 10. Ẹ ó wá máa ya ara yín sọ́tọ̀ di ìgbà náà?

Ohun kan ṣì wà, má dà á pọ̀ mọ́ ọjọ́ ẹ̀bẹ̀, kó má lọ rò pé o fi ń tù ú nínú ni. Láti oṣù Kejì 2023 ni England ti ṣí ọ̀nà fún olùkọ́ tó kẹ́kọ̀ọ́ṣẹ́ ní Nàìjíríà láti béèrè fún QTS, ìyẹn ìwé tó fi ń jẹ́ olùkọ́ níbẹ̀, bó bá lè kọ́ àwọn ọmọ ọdún 11 sí 16 ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì tàbí èdè. Físíìsì wà nínú ẹ̀. Ọ̀dọ̀ TRCN, àjọ tó ń forúkọ àwọn olùkọ́ sílẹ̀ ní Nàìjíríà, ni yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìwé. Dependant sì láǹfààní láti ṣe iṣẹ́ náà. Bó bá gbà, gbọ́ ti àwọn ọmọ kó lè ráyè kọ fọ́ọ̀mù. Bí kò bá gbà, fi í sílẹ̀.

Owó ìyá rẹ̀ kò tó ìjà. Ẹ jọ fẹnu kò sí iye kan lóṣù, kó máa lọ lórúkọ ẹ̀yin méjèèjì, kí ẹ sì sọ fún màmá iye tó ń kù lẹ́yìn tí ẹ bá san owó ilé. Fọ́tò tí ẹ ń gbé sórí WhatsApp ló ń pe owó yẹn.

Ní ti pásítọ̀, ọkọ rẹ ni kí o kọ́kọ́ bi. Bó bá ní rárá, má sọ fún pásítọ̀.