Ẹ Bi Rìwáyà: "Ìyá ọkọ mi ní òun ò wọ ọkọ̀ mànàmáná"

*Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá Rìwáyà. Olùkọ́ ni mí ní Apáké, nílùú Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Àbúrò mi tó wà ní Amẹ́ríkà fi ọkọ̀ ránṣẹ́ sí mi, Toyota Prius 2008, èyí tó ń lo epo tó tún ń lo bátìrì, irú èyí tí wọ́n ń pè ní háíbíríìdì. Láti ọjọ́ tó ti wọlé ni etí mi ò ti sinmi. Ìyá ọkọ mi, ọmọ Ọ̀yọ́ láti Kòso, ní òun ò ní wọ ọkọ̀ mànàmáná láéláé, pé ọjọ́ tí òjò bá ká wa mọ́nú rẹ̀, iná á gbé gbogbo wa. Mẹkáníìkì tí mo ti ń lò láti ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn kọ̀, kò fẹ́ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ ọkọ mi sì sọ ọ́ lórúkọ, "ọkọ̀ ahun," wọ́n ní ẹni tí kò lówó epo ló ń gun irú ẹ̀. Òun ni mo fi ń gbé àwọn ìbejì mi lọ sílé ìwé lójoojúmọ́. Ẹ sọ òótọ́ fún mi, ṣé kí n tà á?*
*Ìyá Ìbejì, Apáké*

Ìyá Ìbejì, ẹ kú àmúmọ́ra. Ẹ má tà á. Ẹ̀rù kan wà lórí ọkọ̀ náà tó yẹ kí ẹ ní, n ó sì sọ ọ́ láìfi nǹkan bò, àmọ́ kò sí lára gbogbo ohun tí wọ́n fi ń dẹ́rù bà yín yìí.

Ẹ jẹ́ ká ti ọ̀dọ̀ màmá bẹ̀rẹ̀. Mi ò bá wọn jiyàn. Àwa Yorùbá fúnra wa la fi orúkọ ohun tó ń kọ lójú ọ̀run pe iná tó wà nínú wáyà. Ẹni tí wọ́n bí ní Kòso, tó wá gbọ́ pé ìyàwó ọmọ òun gbé mànàmáná sẹ́yìn àga ọkọ̀, ó lẹ́tọ̀ọ́ kó dúró béèrè. Ohun tí ẹ máa sọ fún wọn rèé. Nínú ọkọ̀ tí gbogbo wa mọ̀, tó ní bátìrì 12 volt, irin ara ọkọ̀ gan-an la fi ń ṣe wáyà négétíìfù. Bátìrì ńlá inú Prius yín kò rí bẹ́ẹ̀. Bátìrì kéékèèké 28 ni wọ́n tò pọ̀ sínú àpótí kan lẹ́yìn àga ẹ̀yìn, ọ̀kọ̀ọ̀kan 7.2 volt, gbogbo ẹ̀ wá jẹ́ 201.6. Wáyà pọ́sítíìfù rẹ̀ àti négétíìfù rẹ̀, kò sí èyí tó fara kan irin ọkọ̀ nínú méjèèjì. Kọ̀ǹpútà ń ṣọ́ wọn ní gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá wà ní títàn; bí iná bá jò díẹ̀ sára irin, á tan iná ìkìlọ̀ síwájú yín. Bí ẹ bá pa ọkọ̀, iná náà já, inú àpótí ló kù sí, àyàfi díẹ̀ tó máa ń ṣẹ́kù nínú ẹ̀rọ fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Bí ọkọ̀ bá sì forí sọ nǹkan débi tí báàgì atẹ́gùn fi tú jáde, á já fúnra rẹ̀ láìdúró de ẹnikẹ́ni.

Nítorí náà òjò kò ní ṣe yín ní nǹkan kan. Bí àrá bá tilẹ̀ ń sán, inú ọkọ̀ onírin tí ẹ ti fèrèsé rẹ̀ pa sàn ju abẹ́ igi máńgòrò lọ fíìfíì, torí ìta ara irin yẹn ni mànàmáná máa gbà dé ilẹ̀. Bí ọkọ̀ epo lásán ṣe rí náà nìyẹn. Omi tó bá ti bo títì tó ń wọ inú ọkọ̀ nìkan ni kí ẹ sá fún. Bí omi bá dé ibi tí bátìrì wà, ẹ má tan ọkọ̀ náà rárá, ẹ pe ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Ṣé kì í ṣe pé mò ń fojú kéré rẹ̀? Ó tì o. Iná NẸ́PÀ inú ilé wa jẹ́ bíi 230 volt, tiyín 201.6, ẹ̀rọ kan tún wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì tó lè gbé e sókè dé 500. Ó lè pa èèyàn. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ má bínú sí mẹkáníìkì yín. Ọkùnrin tó mọ ibi tí ìmọ̀ òun dé ni, mo sì bọ̀wọ̀ fún un. Èmi náà ṣe ohun tó ṣe nígbà tí irú ọkọ̀ yìí kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ mi lọ́dún 2016. Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo rí àwọn wáyà rọ́gọ́dọ́ aláwọ̀ ọsàn, mo pa á dé, mo ní kí oníbàárà máa gbé e lọ sí Ìbàdàn. Mi ò sùn dáadáa lóru yẹn. Ogún ọdún ni mo ti ń pe ara mi ní rìwáyà, wáyà wá lé mi sẹ́yìn. Èmi náà sì gba Ìbàdàn lọ lẹ́yìn náà, mo lọ jókòó ti ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Ohun tí mo kọ́ níbẹ̀ kò ju èyí lọ: àwọ̀ ọsàn yẹn, ìkìlọ̀ ni. A kì í fọwọ́ kàn án láìwọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà tí wọ́n ṣe fún iná 1,000 volt. Ká pa ọkọ̀, ká gbé kọ́kọ́rọ́ jìnnà, ká yọ orí négétíìfù 12 volt, ká fa pílọ́ọ̀gì tó wà lára bátìrì ńlá jáde, ká wá jókòó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí iná tó ṣẹ́kù nínú ẹ̀rọ tó rọlẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn ló máa ń ni àwọn ọmọ iṣẹ́ lára jù.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó ń já mi láyà.

Ìyá mi ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Ojú wọn ò ríran dáadáa mọ́, etí ni wọ́n fi ń mọ ẹni tó wọlé, òun náà ni wọ́n fi ń mọ̀ bí títì bá ṣófo. Lọ́dún 2019, ẹnì kan gbé Prius rẹ̀ wá sí ibi iṣẹ́ mi, iwájú ilé wa ní Sunsun. Mo parí iṣẹ́, mo ń fi ẹ̀yìn ọkọ̀ rìn jáde. Ẹ́ńjìnnì ò ṣiṣẹ́, bátìrì ló ń fà á, kò dún rárá. Prius máa ń ké píì-píì tí ẹ bá fi í sí rìfásì, àmọ́ inú ọkọ̀ ló ti ń ké. Ẹni tó wà níta kò gbọ́ nǹkan kan. Màmá ń gbé abọ́ ògì bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kànga. Ìgbà tí mo máa rí wọn nínú díńgí, mo lè ṣí bọ́ọ̀tù kí n nawọ́ kàn wọ́n. Wọn ò yà, wọn ò yára, ìrìn wọn ni wọ́n ń rìn jẹ́jẹ́. Mo tẹ bíréèkì. Mo bọ́ sílẹ̀, mo gba abọ́ lọ́wọ́ wọn, ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Wọ́n ní, "Ìwọ ni? Mo rò pé ọkọ̀ yẹn ti kú ni."

Wọ́n rò pé ọkọ̀ ti kú. Gbólóhùn yẹn ni kí ẹ fi sọ́kàn, Ìyá Ìbejì. Láti kékeré ni ariwo ọkọ̀ ti ń sọ fún wa pé ká yà. Ewúrẹ́ mọ̀ ọ́n, ọmọdé mọ̀ ọ́n, afọ́jú tó ń sọdá ní Tákié mọ̀ ọ́n. Ọkọ̀ yín kì í sọ nǹkan kan tó bá ń rìn díẹ̀díẹ̀. Àwọn ará Amẹ́ríkà kíyè sí èyí: lọ́dún 2009, NHTSA, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ààbò ojú pópó níbẹ̀, gbé ìwádìí kan jáde. Wọ́n rí i pé tó bá di ká rìn díẹ̀díẹ̀, ká fẹ̀yìn rìn, ká wọ ibi ìgbọ́kọ̀sí tàbí ká jáde níbẹ̀, háíbíríìdì ń kọlu ẹlẹ́sẹ̀ tó bí ìlọ́po méjì ọkọ̀ tó kù. Ní oṣù kìíní 2011 ni wọ́n buwọ́ lu òfin pé kí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ máa mú ohùn jáde. Ilẹ̀ Yúróòpù bẹ̀rẹ̀ tiwọn lórí àwọn oríṣi ọkọ̀ tuntun ní oṣù keje 2019. Tiyín ti jáde kí òfin méjèèjì tó dé, kò sì sí ohùn kankan lára rẹ̀. Bó bá ti kọjá ọgbọ̀n kìlómítà ní wákàtí kan, ariwo táyà ti tó. Inú àgbàlá, ẹnu géètì ilé ìwé, inú ọjà, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà.

Nítorí náà ẹ má fẹ̀yìn rìn láìfọn fèrè. Ẹ bọ́ sílẹ̀ wo ẹ̀yìn kí ẹ tó wọlé tan ọkọ̀. Àwọn ìbejì yín ò tíì ga tó bọ́ọ̀tù. Bí ẹ bá sì fẹ́ bọ́ sílẹ̀ pátápátá, ẹ má gba ìdákẹ́jẹ́ẹ́ gbọ́. Ẹ wo dáṣíbọ́ọ̀dù: tí ẹ bá ṣì rí READY níbẹ̀, ọkọ̀ náà wà láàyè. Ó lè dákẹ́ fún ìṣẹ́jú púpọ̀, kí ẹ́ńjìnnì wá tan fúnra rẹ̀ nítorí pé bátìrì ń fẹ́ iná. Bí ọmọ bá ti bọ́ sórí àga awakọ̀, tó tẹ bíréèkì, tó fa ọ̀pá jíà, tó wá gbé ẹsẹ̀ kúrò, ọkọ̀ máa lọ. Ẹ tẹ P, ẹ tẹ POWER, kí READY kú, kí ẹ tó ṣílẹ̀kùn. Ẹ má fi í sínú ilé tí ilẹ̀kùn rẹ̀ wà ní títì nígbà tí READY ṣì wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, torí èéfín ẹ́ńjìnnì náà ń pani.

Ó ku ti ahun. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí, ó tún bí mi nínú. Ní 29 oṣù karùn-ún 2023 tí Ààrẹ Tinubu sọ pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, epo tí à ń rà ní bíi 190 náírà fò lọ sí agbègbè 500 láàárín ọjọ́ mélòó kan. Gbogbo wa la wà níbẹ̀. Ta ló wá yẹ ká máa bú, ẹni tó dín epo kù ni àbí ẹni tó ń sun ún? Lọ́dún 2003, àwọn òṣèré sinimá ńlá kan gbé Prius lọ sí ibi àmì ẹ̀yẹ Oscar, wọ́n fi ọkọ̀ gọbọi sílẹ̀. Lọ́dún 2005 ni àwọn onítáksí New York bẹ̀rẹ̀ sí í gun Ford háíbíríìdì. Kì í tilẹ̀ ṣe nǹkan àná: Ferdinand Porsche ti ṣe ọkọ̀ tó pa epo pọ̀ mọ́ bátìrì ní 1900. Ohun tí mo rí ni pé àwa níbí, ariwo la fi ń mọ alágbára. Ọkọ̀ tó bá ń bú ramúramù la ń kí. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tí àwọn ọ̀rẹ́ ọkọ yín fi ń ṣe ẹlẹ́yà yẹn gan-an lèmi ń bẹ̀rù, ti ẹlẹ́yà ò sì kàn mí.

Ohun kan tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe lọ́sẹ̀ yìí: ẹ jókòó sí àga ẹ̀yìn, ẹ wo apá ọ̀tún lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi ìfẹ̀yìntì. Ihò kan wà níbẹ̀ bí ẹnu rédíò. Ibẹ̀ ni fáànù kékeré ti ń fa atẹ́gùn wọlé láti fi mú bátìrì tutù. Ọyẹ́ wa níbí kì í ṣeré, eruku ló máa ń dí i, àwọn èèyàn sì máa ń kó àpò gààrí àti báàgì ọmọ ilé ìwé bò ó. Bátìrì á gbóná, á gbóná, á wá kú kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé, wọ́n á ní ọkọ̀ tòkunbọ̀ kò dára. Mo ti fi búrọ́ọ̀ṣì àlòkù kó eruku tó kún ife tíì jáde lára fáànù kan ṣoṣo. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa tú u fọ̀ lẹ́yìn ọyẹ́ lọ́dọọdún.

Ní ti màmá, ẹ má fipá mú wọn. Ẹ pa ọkọ̀ sábẹ́ ibòòji, ẹ ṣí ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹ̀yin àti àwọn ìbejì jókòó sínú rẹ̀, ẹ máa jẹ ẹ̀pà. Wọ́n á wá.

*Bàbá, Owódé Ọ̀yọ́ ni mo ń gbé. Camry háíbíríìdì mi kú mọ́ mi lọ́wọ́ nítòsí Odò Ọbà, kò tan rárá. Àwọn èèyàn fi okùn fà á dé Ọ̀yọ́. Ṣé kò léwu?*
*Awakọ̀, Ọ̀yọ́*

Ó léwu, ẹ má jẹ́ kí wọ́n ṣe é mọ́. Ẹ̀rọ oníná inú ọkọ̀ yẹn so mọ́ táyà iwájú. Bí táyà iwájú bá ń yí nílẹ̀, ẹ̀rọ náà ń yí, ó sì ń pèsè iná bíi jẹnẹrétọ̀ nígbà tí ọkọ̀ kú. Kí wọ́n gbé táyà iwájú kúrò nílẹ̀, tàbí kí wọ́n gbé odindi ọkọ̀ sẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù.

Ẹ kọ́kọ́ yẹ bátìrì kékeré 12 volt wò o. Bó bá ti kú, bátìrì ńlá kò lè jí, ọkọ̀ ò ní sọ nǹkan kan. Ìyẹn ni mo bá níbẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà tí wọ́n bá ní "háíbíríìdì ti bàjẹ́." Ẹni tó bá fẹ́ fi wáyà jí i fún yín, ẹ dúró tì í kí ó má fi pọ́sítíìfù pàdé négétíìfù. Ìṣẹ́jú àáyá kan péré, ẹ̀rọ tó ń yí iná padà ti jó, owó rẹ̀ á sì dùn yín.

*Ọmọ iṣẹ́ rìwáyà ni mí, mo fẹ́ mọ háíbíríìdì ṣe. Kí ni kí n kọ́kọ́ rà?*
*Sábó, Ògbómọ̀ṣọ́*

Ìbọ̀wọ́. Ẹ̀rọ tó ń ka àṣìṣe ọkọ̀ lè dúró. Ní àárọ̀ kọ̀ọ̀kan, fẹ́ atẹ́gùn sínú ìbọ̀wọ́ náà, di ẹnu rẹ̀, gbé e sétí. Bí ó bá ń jò, má wọ̀ ọ́, àní bí ọ̀gá rẹ bá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ tó ń kánjú.