Ẹ Bi Wá: Q tí kò ní U, àti "ire" tí kì í ṣe ire

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àti ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó ti Èkó wá ṣe vàkáǹsì là ń ta Scrabble, eré tí wọ́n ń fi lẹ́tà to ọ̀rọ̀ gba pọ́íǹtì. Ó ní pọ́íǹtì 4 ni lẹ́tà W, mo ní 10 ni, torí 10 ni wọ́n kọ sára tiwa. Ìjà ti fẹ́ dé. Ta ló ń parọ́? (Àjàṣẹ́)

Ìdáhùn: Kò sẹ́ni tó ń parọ́, àbúrò. Tìẹ, ti Faransé ni. Ti ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá ẹ, ti Gẹ̀ẹ́sì. Faransé kì í fi bẹ́ẹ̀ lo W, ìdí nìyẹn tó fi ń gba 10, òun àti K, X, Y, Z. Ní ti Gẹ̀ẹ́sì, Q àti Z nìkan ló ń gba 10, K ń gba 5. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi lẹ́tà Faransé ta ti Gẹ̀ẹ́sì, ẹ kọ iye ti Gẹ̀ẹ́sì sórí bébà kẹ́ ẹ gbé e síwájú, kẹ́ ẹ sì yọ E mẹ́ta kúrò nínú àpò, torí 15 ni Faransé ní, Gẹ̀ẹ́sì ní 12.

Ìbéèrè: Wọ́n fi CWM àti QI nà mí. Ṣé Gẹ̀ẹ́sì nìyẹn? Tíṣà wa ò kọ́ wa bẹ́ẹ̀ o. (Kétu)

Ìdáhùn: Gẹ̀ẹ́sì ni, ṣé ẹ mọ̀ pé Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ràn kó máa kó ọmọ ọlọ́mọ wálé. CWM wá láti Wales, W lẹ́nu tiwọn fáwẹ̀lì ni, kòtò ńlá tí yìnyín ayé àtijọ́ gbẹ́ sára òkè ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, pọ́íǹtì 10. Àbúrò ẹ̀ ni CRWTH, ohun orin olókùn tí wọ́n ń fà bíi gòjé, 13. QI ni èémí ìyè tí àwọn ará Ṣáínà gbà pé ó ń ṣàn nínú ara èèyàn. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni QADI, 14, àwọn mùsùlùmí á ti máa rẹ́rìn-ín báyìí, àlùkálì tiwa náà ni, adájọ́, Lárúbáwá ló bí àwọn méjèèjì.

Ìbéèrè: Bọ̀dá, ṣé dandan ni kéèyàn mọ ìtumọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ tó ń tò nínú Scrabble? Wọ́n sì ní OBA wà lára wọn, ṣé òótọ́ ni? (Ṣábẹ)

Ìdáhùn: Kò pọn dandan. Ní 2015, Nigel Richards, ará New Zealand tí ò gbọ́ Faransé, gba ife ayé ti Scrabble Faransé ní Belgium, orí ló fi kó gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Ọdún yẹn náà ni Wellington Jighere, ọmọ Nàìjíríà, gba ti Gẹ̀ẹ́sì ní Perth, Ọsirélíà, òun ni ará Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gbà á. Ṣùgbọ́n èmi ò ní irú orí Richards o, ọ̀rọ̀ tí mi ò bá so mọ́ nǹkan, ilẹ̀ ò ní mọ́ tí màá fi gbàgbé ẹ̀. Nítorí náà Yorùbá ni mò ń so ó mọ́. EWE, abo àgùntàn ni, ewé ló sì ń jẹ. ODE, ewì ìyìn, ṣebí ọdẹ ló ni ìjálá. EKE, kéèyàn máa fa ìwọ̀nba tó ní títí á fi tó, ẹ kàn rántí èké tó ń fa ọ̀rọ̀ gùn. IRE ló le jù, torí ìbínú ni lédè wọn, ẹ wo ayé, ohun tá a fi ń ṣàdúrà!

OBA wà níbẹ̀ lóòótọ́, nínú ìwé ọ̀rọ̀ Scrabble ti Collins tí wọ́n fi ń ta ní Nàìjíríà, ọba náà ló túmọ̀ sí. Mo tẹ́ ẹ síwájú àna mi kan lọ́jọ́ kan, ó ní mo ń rẹ́ òun jẹ, pé Yorùbá ni mò ń sọ, ó ṣí fóònù, ó wò ó títí, ó yọ gíláàsì ojú ẹ̀, ó tún wò ó. Pọ́íǹtì 5 péré ni o. Kò bá mi ta mọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú.