Wọ́n ní kí n lọ rí oníṣẹ́ abẹ nítorí kókó ọyàn: ṣé wọ́n fẹ́ gé e nìyẹn?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, dókítà. Ọmọ ọdún 46 ni mí. Mo lọ ya àwòrán ọyàn tí wọ́n ń pè ní mámógíráàmù, wọ́n ní àwọn rí kókó kan nínú ọyàn òsì, ni wọ́n bá ní kí n lọ rí oníṣẹ́ abẹ. Ẹ̀gbọ́n mi ní tí irin bá ti kan irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ńṣe ló máa tàn ká gbogbo ara. Ṣé kí n lọ, àbí kí n ṣì máa ṣọ́ ọ ná?

ÌDÁHÙN: Ẹ lọ, mà. Ẹ má jókòó sílé máa ṣọ́ ọ.

Orúkọ iṣẹ́ àwa oníṣẹ́ abẹ ló ń já àwọn èèyàn láyà. Bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ kókó ọyàn kì í ṣe jẹjẹrẹ. Òmíràn jẹ́ àpò omi lásán tí a lè fi abẹ́rẹ́ fà gbẹ. Òmíràn sì máa ń yọ̀ lọ yọ̀ bọ̀ lábẹ́ ìka bí ọmọ ayò; èyí wọ́pọ̀ lára àwọn ọ̀dọ́bìnrin.

Ẹlẹ́rìí mẹ́ta ni mo máa ń pè kí n tó sọ̀rọ̀. Ọwọ́ mi ni àkọ́kọ́. Màá wo ọyàn méjèèjì, màá fọwọ́ wá abíyá àti ọrùn, màá sì bi yín bóyá orí ọyàn ti fà wọlé tàbí ẹ̀jẹ̀ ń jáde níbẹ̀. Màá béèrè nípa ìdílé, ti bàbá náà pẹ̀lú, torí àbùkù tó ń fa jẹjẹrẹ ọyàn lè gba ọ̀dọ̀ bàbá wá. Àwòrán ni ẹlẹ́rìí kejì: mámógíráàmù tí ẹ ti ya, àti ọ̀kan sí i tó ń lo ìró, èyí tó máa sọ bóyá omi ló wà nínú kókó náà tàbí ẹran.

Ẹlẹ́rìí kẹta ni ẹran ara fúnra rẹ̀, ohun tí a ń pè ní biopsy. Ibí lẹ̀rù ti ń ba ẹ̀gbọ́n yín. A máa fún yín ní abẹ́rẹ́ tí ojú ibẹ̀ á fi kú, a óò wá fi abẹ́rẹ́ tó nípọn díẹ̀ bu ẹran tín-ín-tín mélòó kan. Ẹ máa gbọ́ tí yóò dún “tá!” bí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń dé ìwé pọ̀, mo máa ń jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ ìró náà kí wọ́n má baà ta gìrì. Ojú ibẹ̀ lè wú díẹ̀, ẹ óò sì lọ sílé lọ́jọ́ náà. Kò sí ẹ̀rí pé abẹ́rẹ́ yìí ń dín ẹ̀mí ẹnikẹ́ni kù. Ẹni tó pẹ́ kó tó wá, àrùn rẹ̀ ti rìn jìnnà kí abẹ tó kàn án, ṣùgbọ́n abẹ ni aráyé ń dá lẹ́bi.

Tí ẹlẹ́rìí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò bá fẹnu kò, n kì í sùn lé e. Bí àwòrán bá burú, tí èsì abẹ́rẹ́ sì dára, ó lè jẹ́ pé abẹ́rẹ́ ló tàsé. A óò tún un bù ni.

Ká ní jẹjẹrẹ ni, gígé gbogbo ọyàn kì í ṣe dandan. Àwọn oníṣẹ́ abẹ méjì, Bernard Fisher ní Amẹ́ríkà àti Umberto Veronesi ní Ítálì, tọ́jú àwọn obìnrin kan ní ọ̀nà méjì: wọ́n gé ọyàn àwọn kan tán, wọ́n yọ kókó nìkan fún àwọn mìíràn, wọ́n sì fi ìtànṣán tọ́jú ibi tó kù. Nígbà tí wọ́n gbé èsì 20 ọdún jáde ní 2002, iye ẹ̀mí kò yàtọ̀. Síbẹ̀, tí kókó bá tóbi jù fún ìwọ̀n ọyàn náà tàbí tó wà ní ojú púpọ̀, gígé gbogbo rẹ̀ lè sàn jù. Nígbà mìíràn pàápàá, oògùn kẹ́mò, èyí tó ń pa jẹjẹrẹ, ló ń ṣáájú abẹ kí kókó lè sún kì. Èsì ẹran ara yẹn náà ló ń sọ èwo ló yẹ, ìdí nìyí tí n kì í fi í yára mú abẹ.

Tí ẹ bá ń bọ̀, ẹ mú àwòrán náà gan-an wá, kì í ṣe ìwé èsì nìkan, àti èyí tí ẹ ti yà tẹ́lẹ̀ bó bá wà. Bí ẹ bá ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ẹ sọ fún wa. Ẹ má dá a dúró fúnra yín. Nígbà tí èsì bá dé, ẹ bi dókítà léèrè pé: “Ṣé ohun tí abẹ́rẹ́ sọ bá ti àwòrán mu?”