Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni mo fẹ́ fún ní kọ̀ǹpútà mi àtijọ́

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá ẹlẹ́rọ. Kọ̀ǹpútà alágbèéká kan wà lọ́wọ́ mi, HP tí mo rà ní 2014. Windows 10 ló wà nínú rẹ̀, ó sì ti ń wọ́ bí ìgbín. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ yunifásítì ní Ìlọrin, òun ni mo fẹ́ gbé e fún. Ṣé kí n kàn pa àwọn fáìlì mi rẹ́ ni?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì gbé e fún un. Fáìlì tí ẹ pa rẹ́ kò tíì lọ síbì kankan. Orúkọ rẹ̀ nìkan ni kọ̀ǹpútà fà igi lé. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ṣì wà lórí díìsìkì títí nǹkan mìíràn yóò fi gba àyè rẹ̀. Mo mọ̀ pé ọmọ yín ni, kò ní tú àṣírí yín. Ṣùgbọ́n bí kọ̀ǹpútà bá bàjẹ́, ọ̀dọ̀ atúnṣe tí ẹ ò mọ̀ rí ló ń lọ. Bí wọ́n bá sì jí i ní họ́sítẹ̀lì ńkọ́?

Ní tèmi, bó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà ìgbà yẹn, n kì í wulẹ̀ pa nǹkan kan rẹ́. Mo máa ń yọ háàdì díìsìkì rẹ̀, ìyẹn ibi tó ń kó fáìlì pamọ́ sí, kí ẹni tó ni kọ̀ǹpútà gbé e lọ sílé, kí n wá fi SSD tuntun, ibi ìkófáìlìpamọ́ ti ìgbàlódé, sí àyè rẹ̀. Fọ́tò yín, ìwé báńkì yín, páásíwọọ̀dù tí ẹ fi pamọ́, gbogbo rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ yín. Ìwọ́ náà á sì dópin, torí háàdì díìsìkì àtijọ́ jẹ́ àwo tó ń yí, tí apá kékeré kan ń sá kiri lórí rẹ̀ láti wá ohun tí ẹ bèèrè; SSD kò ní ohun tó ń yí rárá. SSD tó gba 256GB tó akẹ́kọ̀ọ́. Irú SSD tí wọ́n ń pè ní SATA, oní-íńṣì 2.5, ni kí ẹ bèèrè lọ́jà. Irú kejì, NVMe tó rí pẹlẹbẹ, kì í sábà wọ kọ̀ǹpútà ìgbà náà. Bí RAM kọ̀ǹpútà náà, ìyẹn ìrántí tó fi ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, bá jẹ́ 4GB, ẹ sọ ọ́ di 8GB.

Ó wá ku Windows. Microsoft ti dáwọ́ àtìlẹ́yìn ọ̀fẹ́ fún Windows 10 dúró ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá 2025, Windows 11 kò sì gba kọ̀ǹpútà 2014. Àwọn kan á ní àwọn lè fọgbọ́n gbé e wọlé. Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n n kò ní ṣe é fún ọmọ tó fẹ́ fi kàwé. Linux Mint, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi Windows, ni màá fi sí i: ọ̀fẹ́ ni, LibreOffice tí a fi ń kọ̀wé ti wà nínú rẹ̀, ó sì ń ṣí fáìlì Word. Àfi bó bá ń kọ́ iṣẹ́ tó nílò ètò tí kì í ṣiṣẹ́ lórí Linux, irú AutoCAD tí wọ́n fi ń ya àwòrán ilé. Ẹ kọ́kọ́ bi í léèrè. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ má fi kọ̀ǹpútà yìí dá ọmọ ọlọ́mọ lóró.

Ẹ wo bátìrì náà. Bí abẹ́ kọ̀ǹpútà bá wú, tàbí ibi tí a ń fi ìka darí rẹ̀ bá yọ sókè, ẹ má tan án mọ́, ẹ má sì gún bátìrì náà. Iná lè sọ. Kí atúnṣe pààrọ̀ bátìrì kí ẹ tó fún ẹnikẹ́ni ní kọ̀ǹpútà náà.

Lórí fóònù yín, ẹ ṣí WhatsApp, kí ẹ yọ kọ̀ǹpútà náà kúrò nínú Linked devices, ìyẹn àwọn ẹ̀rọ tí ẹ so mọ́ WhatsApp yín.

Ẹ má gbàgbé rìsíìtì. Bó bá ti sọnù, ẹ kọ ìwé pé ẹ̀yin lẹ fún un, kí ẹ kọ nọ́ńbà tó wà lábẹ́ kọ̀ǹpútà náà sí i, kí ẹ fọwọ́ sí i, pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù yín. Ọlọ́pàá tó bá rí ọ̀dọ́ tó gbé báàgì kọ̀ǹpútà kọ́ èjìká, rìsíìtì ló máa ń kọ́kọ́ bèèrè.