Ọmọ mi fakọ yọ lọ́dún àkọ́kọ́: ṣé ọdún kejì kò ní dójú tì í?

ÌBÉÈRÈ

Kóòṣì, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi ọkùnrin jẹ́ ẹni ọdún 16, quarterback ni (ẹni tó ń darí eré, tó sì ń ju bọ́ọ̀lù fáwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà) ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan lẹ́bàá Houston níbí. Sáà tó kọjá ni wọ́n kọ́kọ́ fi ipò náà lé e lọ́wọ́, ó sì ṣe é débi pé àwọn yunifásítì ti ń kọ lẹ́tà sí i. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni ọ̀rọ̀ C.J. Stroud, quarterback ikọ̀ Texans ti Houston níbí. Gbogbo wa níbí la rí bó ṣe bẹ̀rẹ̀, a sì rí bí ọdún kejì ṣe rí fún un. Mẹ́ta nínú àwọn ọmọ márùn-ún tó ń dáàbò bo tèmi níwájú ti jáde ilé ìwé, kóòṣì tó ń pe eré fún wọn (ẹni tó ń yan ohun tí wọ́n máa gbá) sì ti gba iṣẹ́ síbòmíràn. Bàbá rẹ̀ ní ká gba olùkọ́ àdáni fún un. Àbúrò mi ní ká kúkú gbé e lọ sí ilé ẹ̀kọ́ tó lágbára jù báyìí lọ. Ṣé ọmọdé lè bọ́ lọ́wọ́ ìfàsẹ́yìn ọdún kejì yìí? Kí ló yẹ ká ṣe kí oṣù Kẹjọ, tí sáà máa ń bẹ̀rẹ̀, tó dé?

ÌDÁHÙN

Ẹ kú àníyàn ọmọ, Mọ́mì. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ èpè kúrò nílẹ̀. Kò sí ohun tó ń ṣe ọdún kejì fúnra rẹ̀. Ọdún kejì Dan Marino nínú NFL, líìgì àwọn tó fi bọ́ọ̀lù yìí ṣiṣẹ́ ṣe, ìyẹn 1984, ló ju touchdown 48 (bọ́ọ̀lù tó dé òpin pápá alátakò, tó di àmì ayò), bẹ́ẹ̀ 36 ni èyí tó pọ̀ jù tí ẹnikẹ́ni tíì jù ní sáà kan ṣáájú rẹ̀. Ọdún kejì Lamar Jackson, 2019, ni wọ́n dìbò yàn án ní agbábọ́ọ̀lù tó ta yọ jù lọ, kò sì sí olùdìbò kan tó yan ẹlòmíràn. Nígbà tí Drake Maye dé New England ní 2024, eré 13 ni ikọ̀ rẹ̀ pàdánù. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n borí nínú 14, wọ́n sì dé Super Bowl, eré àṣekágbá líìgì náà. Àwọn èèyàn máa ń fi Patrick Mahomes kún irú wọn yìí nítorí touchdown 50 tó jù ní 2018, àmọ́ èmi kì í kà á mọ́ wọn. Alex Smith ló wà nípò quarterback nínú ikọ̀ rẹ̀ ní 2017, ẹ̀ẹ̀kan péré ni Mahomes bẹ̀rẹ̀ eré ní gbogbo ọdún yẹn. Kò tíì sẹ́ni tó rí i tó láti ka ọwọ́ rẹ̀ kí 2018 tó bẹ̀rẹ̀. Ti ọmọ yín yàtọ̀, wọ́n ti rí i.

Ẹ jẹ́ ká wo Stroud dáadáa, torí pé kì í ṣe bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe ń sọ ọ́ ló ṣe ṣẹlẹ̀. Ní 2023 ó gbá eré 15, ó ju bọ́ọ̀lù fún yáàdì 4,108 àti touchdown 23, márùn-ún péré ló sì bọ́ sọ́wọ́ alátakò. Ní 2024 ó gbá gbogbo eré 17, síbẹ̀ yáàdì rẹ̀ wálẹ̀ sí 3,727, touchdown wálẹ̀ sí 20, èyí tó bọ́ sọ́wọ́ alátakò sì di 12. Ẹni tó bá gbọ́ ìyẹn nìkan á ní ọmọ náà ti gbàgbé iṣẹ́. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ọgọ́rùn-ún bọ́ọ̀lù tó jù lọ́dún àkọ́kọ́, bíi 64 ló dọ́wọ́ ẹni tó jù ú sí. Lọ́dún kejì, bíi 63 ni. Ọwọ́ rẹ̀ wà bó ṣe wà.

Ohun tó yí padà ni àyíká rẹ̀. Ìgbà 38 ni wọ́n gbé e ṣánlẹ̀ kó tó ráyè ju bọ́ọ̀lù ní 2023, ó di ìgbà 52 ní 2024. Àwọn tó ń sá lọ gba bọ́ọ̀lù fún un náà ń bọ́ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: iṣan orúnkún Stefon Diggs já nínú oṣù Kẹwàá, orúnkún Tank Dell bàjẹ́ nínú oṣù Kejìlá, iṣan itan sì mú Nico Collins jókòó fún eré márùn-ún. Pẹ̀lú gbogbo ẹ̀ náà, Texans borí nínú eré mẹ́wàá gẹ́gẹ́ bíi ti ọdún tó ṣáájú. Nígbà tí sáà parí, wọ́n dá Bobby Slowik tó ń pe eré dúró, wọ́n sì pààrọ̀ Laremy Tunsil, àgbà nínú àwọn tó ń ṣọ́ Stroud níwájú, lọ sí Washington. Àwọn tó ni ikọ̀ mọ ẹni tí wọ́n ń bá wí.

Ohun kan tún wà níbẹ̀ tí àwọn òbí kì í fẹ́ gbọ́: oríire pọ̀ nínú ọdún àkọ́kọ́ yẹn. Márùn-ún nínú bọ́ọ̀lù 499, ta ló lè máa ṣe bẹ́ẹ̀ lọ lọ́dọọdún? Gbogbo quarterback ló ń ju bọ́ọ̀lù tó lu alátakò lọ́wọ́ tó sì já bọ́. Lọ́dún kan, wọn ò ní rí i mú. Lọ́dún kejì, wọ́n á mú un, ìwé ìròyìn á sì kọ ọ́ pé ọmọ ti ń dẹ̀yìn. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kó padà lọ wo fídíò sáà tó kọjá, kó ka iye bọ́ọ̀lù tó yẹ kí alátakò ti mú tí wọn ò rí mú. Bí mẹ́jọ bá wà ńbẹ̀ nígbà tí àkọsílẹ̀ ní mẹ́ta péré ló bọ́ sọ́wọ́ wọn, ẹ ti mọ iye tó jẹ́ gbèsè lọ́run. Iye yẹn ni mo máa ń béèrè kí n tó béèrè touchdown.

Wàyí o, bí ẹyẹ bá ṣe fò la ṣe ń sọ̀kò rẹ̀. Ní Texas, ilé ẹ̀kọ́ ń pààrọ̀ fídíò pẹ̀lú alátakò wọn, orí Hudl, ìkànnì fídíò eré ìdárayá, ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣe é. Gbogbo bọ́ọ̀lù tí ọmọ yín jù lọ́dún tó kọjá wà níwájú àwọn kóòṣì tó máa kojú rẹ̀ lọ́dún yìí, wọ́n sì ti fi gbogbo ìgbà òtútù wò ó. Kì í ṣe agbára apá rẹ̀ ni wọ́n ń wò. Wọ́n ń wò ó bóyá ojú rẹ̀ kì í kúrò lára ẹni tó kọ́kọ́ wò, bóyá ọ̀tún ló máa ń sá sí nígbàkigbà tí wọ́n bá lé e, ọmọ wo ló máa ń wá nígbà tí nǹkan bá le, àti bóyá ìdúró rẹ̀ máa ń tú àṣírí pé jíjù ló kàn, pé kì í ṣe sísá. Nígbà tí wọ́n bá mọ̀ ọ́n tán, wọ́n á dúró síbì kan kí eré tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n á sì ṣí lọ síbòmíràn gẹ́rẹ́ tí bọ́ọ̀lù bá kúrò nílẹ̀. Ọmọ tó ti pinnu ibi tó máa jù ú sí kó tó gba bọ́ọ̀lù, ọwọ́ wọn ló máa jù ú sí.

Iṣẹ́ tí mo máa ń fún àwọn tó ń wọ ọdún kejì rèé, kò sì ná yín ní kọ́bọ̀. Kó jókòó ti fídíò ara rẹ̀ bí ẹni pé ọ̀tá ni, kó kọ ọ́ sójú ìwé kan ṣoṣo: bó bá jẹ́ pé òun ni kóòṣì ilé ẹ̀kọ́ kejì, báwo ni òun ṣe máa dá ọmọ yìí lẹ́kun? Inú àwọn ọmọ kì í dùn sí iṣẹ́ yìí lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà, kó mú ìwé ọ̀hún lọ fún kóòṣì rẹ̀, kí wọ́n jọ mú àléébù méjì tí wọ́n á bá jà kí sáà tó bẹ̀rẹ̀. Méjì ti tó. Ọmọ tó ń tún mẹ́wàá ṣe lẹ́ẹ̀kan náà, ìrònú ló máa fi gbogbo alẹ́ ọjọ́ Ẹtì tí wọ́n ń gbá eré ṣe, bọ́ọ̀lù ò ní kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ lásìkò.

Nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ, kóòṣì tó lọ yẹn ni mo tẹjú mọ́ jù. Ẹ rántí Baker Mayfield, quarterback ikọ̀ Browns ní Cleveland nígbà náà. Ní 2018 ó ju touchdown 27, kò sí ọmọ tuntun kankan nínú líìgì tó jù tó bẹ́ẹ̀ rí nígbà náà. Ní 2019 wọ́n fi Freddie Kitchens ṣe olórí àwọn kóòṣì, ẹni tí kò ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí nínú NFL, bọ́ọ̀lù 21 sì bọ́ sọ́wọ́ alátakò. Wọ́n lé Kitchens, Kevin Stefanski dé ní 2020, ó sì yí eré náà sí èyí tó bá ọmọ náà lára mu, kó máa fi bíi ẹni pé òun fẹ́ fún olùsáré ní bọ́ọ̀lù, kó wá yọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó jù ú. Bọ́ọ̀lù 21 yẹn di mẹ́jọ, Browns sì borí nínú eré 11. Apá kan náà, orí kan náà. Àmọ́ kóòṣì tuntun kì í ṣe àjálù dandan, torí pé àwọn tuntun náà ni wọ́n gbé Drake Maye dé ibi tó dé. Ohun tí ẹ fẹ́ mọ̀ ni bóyá ẹni tó ń bọ̀ yìí máa lo orúkọ àti àmì eré tí ọmọ ti mọ̀, àbí ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ gbogbo ẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Bó bá jẹ́ èyí kejì, kí ọmọ gba ìwé eré náà lọ́wọ́ rẹ̀ ní báyìí, kó má dúró de oṣù Kẹjọ. Ọmọ gan-an ni kó sì lọ béèrè, Mọ́mì, kì í ṣe ẹ̀yin. Àwọn kóòṣì ibí yìí máa ń fojú tó dáa wo ọmọ tó bá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá.

Ti àwọn mẹ́ta tó jáde, a ò lè dá wọn padà. (Ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín pé orúkọ tiwa ò wọ́n nínú àwọn tó ń ṣọ́ quarterback àtàwọn tó ń lé e: Olu Fashanu ń ṣọ́ wọn, Boye Mafe àti Azeez Ojulari ń lé wọn. Ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù gan-an ló ṣọ̀wọ́n láàárín wa.) Ohun tí ọmọ yín lè ṣe ni kó máa bá àwọn tuntun yẹn ṣe ìgbáradì, kó máa bá wọn jẹun, kó mọ ẹni tó ń ṣọ́ ta ni nínú eré kọ̀ọ̀kan, kó lè mọ apá ibi tí ewu máa gbà wá kí ewu tó dé. Kó sì kọ́ bó ṣe máa tètè ju bọ́ọ̀lù, tàbí kó jù ú síta pápá láìjẹ́ kó dùn ún. Ẹ ṣọ́ra fún eré méje-sí-méje tí wọ́n ń gbá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ó dáa fún ojú àti fún mímọ ọwọ́ àwọn tó ń gbà á, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń lé quarterback níbẹ̀. Ọmọ á dúró bí ọba, ó sì lè gbé ìdúró yẹn wọ sáà. Bó bá lọ, kó máa ka ìṣẹ́jú àáyá nínú ara rẹ̀, kí bọ́ọ̀lù ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ kí wọ́n tó fọn fèrè fún un.

Ara náà ńkọ́? Ikọ̀ Washington ti rí bí ìfarapa ṣe ń ba ọdún kejì jẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ní 2012, Robert Griffin gba àmì ẹ̀yẹ ọmọ tuntun tó ta yọ jù lọ, ó fi ẹsẹ̀ sá yáàdì 815, orúnkún rẹ̀ bàjẹ́ nínú eré tó gbẹ̀yìn sáà náà. Ó padà sórí pápá láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ 2013 láìgbá eré ìmúrasílẹ̀ kankan, mẹ́ta ló borí nínú eré 13 tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì mú un jókòó. Jayden Daniels gba àmì ẹ̀yẹ kan náà ní 2024. Ní 2025, orúnkún, iṣan itan, àti ìgúnpá òsì rẹ̀ tó yẹ̀ kò jẹ́ kó gbá ju eré méje lọ. Bí ọmọ yín bá ń sá bọ́ọ̀lù, sísùn sílẹ̀ kí wọ́n tó kàn án àti jíjáde síta pápá jẹ́ ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ́ jíjù. Ó ṣì ń dàgbà, ejìká rẹ̀ sì nílò oṣù tí kò ní ju ohunkóhun, pàápàá bó bá tún ń ju bọ́ọ̀lù béésíbọ́ọ̀lù.

Olùkọ́ àdáni tí Dádì ń sọ kò burú, bí owó bá wà. Ẹ má jẹ́ kó fọwọ́ kan bí ọmọ ṣe ń ju bọ́ọ̀lù nígbà tí sáà bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Oṣù Kejì ni irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe oṣù Keje. Ẹ béèrè bóyá ó máa bá kóòṣì ilé ẹ̀kọ́ sọ̀rọ̀. Bó bá ní kò pọn dandan, ẹ wá ẹlòmíràn. Ní ti lẹ́tà àwọn yunifásítì, inú mi dùn sí i, àmọ́ lẹ́tà kì í ṣe àǹfààní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni wọ́n ń kọ. Ẹni tó bá fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù ní ìpele àkọ́kọ́ NCAA, àjọ tó ń darí eré ìdárayá àwọn yunifásítì, gbọ́dọ̀ ṣe kọ́ọ̀sì 16 tí wọ́n là sílẹ̀, kí máàkì rẹ̀ nínú wọn má sì dín ní 2.3. Ẹ wo káàdì ilé ìwé rẹ̀ lónìí.

Ọ̀rọ̀ àbúrò yín ni mi ò fara mọ́. Ilé ẹ̀kọ́ ìjọba ni ti ọmọ yín bí mo bá gbọ́ yín yé, abẹ́ UIL, àjọ tó ń darí eré ìdárayá ilé ẹ̀kọ́ ìjọba ní Texas, ló sì wà. Òfin wọn ni pé ọmọ tó bá pààrọ̀ ilé ẹ̀kọ́ nítorí eré ìdárayá kò ní gbá fún ikọ̀ àgbà fún ọdún kan ó kéré tán. Ilé ẹ̀kọ́ tó fi sílẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ̀wé nípa ìdí tó fi lọ, ìgbìmọ̀ ìsọ̀rí (àwùjọ ilé ẹ̀kọ́ tó ń bára wọn díje) tí ilé ẹ̀kọ́ tuntun náà wà ló sì máa dájọ́. Kódà bí wọ́n bá gbà á wọlé, kóòṣì tuntun, eré tuntun àti ọmọ márùn-ún tí kò mọ̀ rí ló máa bá níwájú rẹ̀, dípò mẹ́ta. Ẹ jẹ́ kó dúró síbi tó wà, kó lọ bá kóòṣì tó ń bọ̀ yẹn lọ́sẹ̀ yìí.